Mẹ́ta sí mẹ́ta, agbọ̀n kan: ohun tí àwọn ọmọ yín ń ṣe ní pápá básíkẹ́ẹ̀tì

Bí òbí bá dé pápá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn ọmọ tó kù ò wá lónìí ni?" Mi ò bá wọn wí. Nínú tẹlifíṣọ̀n, èèyàn márùn-ún ló ń kojú márùn-ún, wọ́n á sáré láti ìdí agbọ̀n kan dé ìdí èkejì, rẹfirí á máa fun fèrè lé wọn lórí. Àmọ́ níbi tí ọmọ tiwọn wà, ọmọ mẹ́ta ló ń kojú mẹ́ta nídìí agbọ̀n kan ṣoṣo, àwọn mẹ́fà mìíràn wà lápá kejì tí wọ́n ń ṣe tiwọn, kóòṣì sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mo gbọ́ tí bàbá kan tó fi ọ̀kadà gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Apákè bi kóòṣì pé, "Tó bá jẹ́ ààbọ̀ pápá lẹ fẹ́ máa lò, ṣé ààbọ̀ owó lẹ máa gbà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni.

Kò sọ́mọ tó jókòó sílé, owó náà ò sì lè dín. Ńṣe ni kóòṣì mọ̀ọ́mọ̀ dín iye ọmọ tó wà nídìí agbọ̀n kan kù, kí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè pọ̀ sí i. Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti wúlò àti ibi tí kò ti tó, ló gba àlàyé.

Ẹni tó bá dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ nǹkan yìí láti kékeré. Ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, ní Òkè Ẹ̀lẹ̀rìn, títí dé àdúgbò Stadium, ọmọkùnrin wo ni kò gbá mọ́ńkí-póòsì rí? Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́, ẹni mẹ́rin mẹ́rin tàbí márùn-ún márùn-ún. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti na góòlù méjì sí nínú á bọ́ síta, òmíràn á wọlé. Kò sí kóòṣì, kò sí pátákó ìkọ̀wé, síbẹ̀ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já fáfá jù ládùúgbò, inú eruku yẹn ló ti kọ́ ọ. Àyè há, bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ kó tó padà sọ́dọ̀ rẹ, bó o bá sì sùn lé e lórí, wọ́n á gbà á. Mẹ́ta sí mẹ́ta nídìí agbọ̀n ò yàtọ̀ sí i, àfi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jọra wọn lójú ẹni tó ń wòran. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni lásán: kóòṣì lè ní kí ọmọ kan kojú ẹyọ kan, kí méjì kojú méjì, títí dórí mẹ́rin sí mẹ́rin, lórí àyè tó bá fẹ́, pẹ̀lú òfin tó bá wù ú. Lónìí ó lè sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀, pààsì nìkan. Lọ́la ó lè ní ọwọ́ òsì nìkan ni kí wọ́n máa fi lù ú. Kò sí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀. Òmíràn ni mini-basketball, ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí agbọ̀n rẹ̀ rẹlẹ̀, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì kéré. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń kọ ní 3x3, tó jẹ́ eré ìdíje gidi, tó ní ìwé òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, tó sì ti wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì. Ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹnì kan bá gbọ́ òfin ẹ̀kẹta yìí níbì kan, tó wá ń fi dá àwọn tó ń ṣe àkọ́kọ́ lẹ́jọ́. Mo ti rí òbí tó ń bá kóòṣì jiyàn pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé, ó yẹ kí wọ́n dúró, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju pààsì.

Èèyàn márùn-ún tí gbogbo wa gbà gbọ́ yìí gan-an kì í ṣe òfin tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. James Naismith, olùkọ́ eré ìdárayá kan tó wá láti Kánádà, ló dá básíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1891 nílùú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Òtútù ò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré níta, ó sì ń wá ohun tí wọ́n lè máa ṣe nínú ilé. Èèyàn 18 ni wọ́n ní kíláàsì, ló bá pín wọn sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ó kan agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó èso píìṣì mọ́ igi ààbò báńkónì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Gíga báńkónì yẹn bọ́ sí ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn mítà 3.05, òun náà sì ni gbogbo ayé ṣì ń lò títí dòní. Ó di nǹkan bí ọdún 1897 kí iye àwọn tó ń gbá a tó dúró sórí márùn-ún. Ẹ ò rí i pé iye ẹni tó wà ní kíláàsì àti ibi tí báńkónì ilé kan ga dé wà lára ohun tó bí òfin, àgbàlagbà ni wọ́n sì fi wọn gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ti ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ́ ọn.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ò le. Ọmọ 12 wá sí pápá láàárọ̀ Sátidé. Bí kóòṣì bá ní kí wọ́n gbá márùn-ún sí márùn-ún, mẹ́wàá á wọlé, méjì á jókòó, bọ́ọ̀lù kan ló sì máa wà láàárín gbogbo wọn. Nínú ìṣẹ́jú 60, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn, tí wọ́n sì pín bọ́ọ̀lù yẹn dọ́gba-dọ́gba (èyí tí kì í ṣẹlẹ̀), ìṣẹ́jú 5 ló máa kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé pápá kan náà sí méjì: mẹ́ta sí mẹ́ta nídìí agbọ̀n yìí, mẹ́ta sí mẹ́ta nídìí èkejì. Kò sẹ́ni tó jókòó mọ́, ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ti di ìṣẹ́jú 10. Ẹ ò ra ilẹ̀, ẹ ò gba kóòṣì kejì, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lẹ fi kún un.

Ìyẹn tún jẹ́ orí ìwé. Lójú pápá, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọdé kì í pín bọ́ọ̀lù dọ́gba. Ẹ kó ọmọ mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sórí pápá ńlá, kẹ́ ẹ wá máa wò wọ́n: àwọn méjì tó gbọ́n jù, tàbí tó lágbára jù, ló máa gbá gbogbo eré náà. Àwọn tó kù á máa sáré lọ, sáré bọ̀, wọ́n á pariwo, òógùn á bò wọ́n, bóyá bọ́ọ̀lù á kàn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí eré tó parí. Wọ́n á délé, ìyá wọn á rí aṣọ tó tutù, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì ń gbìyànjú." Òógùn ni ọmọ náà gbé wálé ní tirẹ̀, kò gbé ẹ̀kọ́ kankan wá.

Bọ́ọ̀lù tó ń kan ọmọ lọ́wọ́ léraléra dára, àmọ́ ó ku ohun kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ú lọ, ìyẹn ni ìpinnu. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ ọmọ, ó ní láti yan ọ̀kan: kó lù ú nílẹ̀ kọjá, kó gbé e fún ẹlòmíràn, àbí kó jù ú sí agbọ̀n. Bí kò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ní ohun tó máa yàn: ibo ni kí n lọ?

Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí eruku pupa ti bo kọnkéré débi pé bàtà ń yọ̀ lórí rẹ̀, mo wo ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó fi orí ga jù ú lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnikejì rẹ̀ rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́, ló bá sáré wá sítòsí láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ yẹn bá a wá, ó wá di pé èèyàn méjì ló dúró sí iwájú ọmọbìnrin náà. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kóòṣì ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà fi ìbínú sọ fún ẹnikejì rẹ̀ yẹn pé, "Má wá síbí mọ́, lọ sọ́hùn-ún!" Ọmọ náà bá lọ sí igun pápá, ẹni tó ń ṣọ́ ọ tẹ̀ lé e lọ, iwájú agbọ̀n wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọbìnrin náà lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ gíga yẹn, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù náà lu pátákó ẹ̀yìn agbọ̀n, kò wọlé.

Kó wọlé, kó má wọlé, àwọn ọmọ méjì yẹn ti mọ̀ pé ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè ran ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nípa pé kó jìnnà sí i. Àwọn kóòṣì máa ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ya èyí sí pátákó fún àwọn ọmọ ọdún 16, ó sì máa ń ṣòroó yé wọn. Bó bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún ni, èèyàn mẹ́rin mìíràn ì bá ti kún àyè tó ṣí yẹn, ọmọbìnrin náà ò ní mọ ohun tó dí ọ̀nà àti ohun tó ṣí i. Nínú mẹ́ta, ohun tí ọmọ ṣe àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde sún mọ́ra wọn débi tí ojú ọmọdé fi lè rí i.

Ọmọ tó ń tijú náà ò rí ibi sá sí. Láàárín mẹ́wàá, ọmọ tí ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ń bà lè fara pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Láàárín mẹ́fà, bí ọ̀kan bá gbàgbé ẹni tó ń ṣọ́, ẹni náà ti ju bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo ayé sì mọ ẹni tó sùn.

Ti ọmọ tó ga ló máa ń dùn mí jù. Kóòṣì tó ń wá ife ẹ̀yẹ lójú méjèèjì, bó bá rí ọmọ ọdún 11 tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, abẹ́ agbọ̀n ló máa gbé e lọ. "Dúró síbí, gbé ọwọ́ sókè, bó o bá ti mú bọ́ọ̀lù, gbé e fún lágbájá." Wọ́n á gba ife náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn á di ọmọ ọdún 16, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ga bá a, òun á sì wà níbẹ̀ tí kò lè lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀ dé ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nínú mẹ́ta sí mẹ́ta, kò sí iṣẹ́ adúró-sábẹ́-agbọ̀n. Bí ẹni tí ọmọ gíga ń ṣọ́ bá jáde lọ síta, òun náà gbọ́dọ̀ jáde. Bí òun ló bá mú bọ́ọ̀lù tó ta padà, òun fúnra rẹ̀ ló máa lù ú jáde tàbí kó wá ẹni tó máa gbé e fún, ọmọ kúkurú sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká dí ẹni tó ga jù ú lọ lọ́nà. Àpẹẹrẹ ọmọ gíga tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe kò jìnnà sí wa. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, ga ju mítà méjì lọ, ó sì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ikọ̀ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo ẹni tó wọ NBA, ìyẹn líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, lọ́dún 1984, ó sì gba ife fún wọn ní 1994 àti 1995. Gbogbo ẹni tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lo ẹsẹ̀, bó ṣe ń yí tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò fi mọ apá ibi tó máa gbà. Wọn ì bá má rí ìyẹn ká ní wọ́n dá a dúró sójú kan láti kékeré.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí báńkónì Naismith. Ọmọ ọdún méje tó ń ju bọ́ọ̀lù sí mítà 3.05 kò lè jù ú bó ṣe yẹ, apá rẹ̀ ò gbé e. Ohun tó máa ṣe ni pé á gbé bọ́ọ̀lù wá sí ìbàdí, á fi ọwọ́ méjèèjì fà á láti ìsàlẹ̀, á dà sẹ́yìn, á sì fi gbogbo ara jù ú sókè. Bó bá wọlé, a óò pàtẹ́wọ́, ara rẹ̀ á sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kóòṣì tó bá pàdé ọmọ yẹn ní ọdún 14 ti rí iṣẹ́ gbà. Ìdí rèé tí agbọ̀n mini-basketball fi jẹ́ mítà 2.60. Ìlànà tí NBA àti USA Basketball, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, gbé jáde fún àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà tún pín in sí ọ̀wọ́: ẹsẹ̀ bàtà 8 fún ọmọ ọdún 7 sí 8, ẹsẹ̀ bàtà 9 fún ọdún 9 sí 11, ẹsẹ̀ bàtà 10 láti ọdún 12 lọ. Bọ́ọ̀lù náà ní ìwọ̀n. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà máa ń wà níbẹ̀: 7 ni ti àgbà ọkùnrin, ó sì tó gíráàmù 600, 5 ni ti ọmọdé, tí kò ju bí 500 lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló jẹ́ 7 nìkan ni wọ́n ní, ẹni tó lọ rà á ò béèrè. Ní ti agbọ̀n, wẹ́dà tó wà ní Sábó lè jó irin agbọ̀n kejì mọ́ òpó kan náà ní mítà 2.60, ní ẹ̀yìn èyí tó wà lókè, iṣẹ́ náà kì í tó ọjọ́ kan.

Ó yá, ti 3x3 gangan, èyí tí òfin rẹ̀ máa ń da àwọn òǹwòran láàmú. Pápá rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 15, ó gùn ní mítà 11, agbọ̀n kan ló ní. Ẹni mẹ́rin ni ikọ̀ kan: mẹ́ta wà lórí pápá, ọ̀kan ń dúró láti rọ́pò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù láti inú ìlà ńlá tó yí agbọ̀n ká, póìntì 1 ni. Èyí tó bá wá láti ẹ̀yìn ìlà, póìntì 2. Ẹni tó ti mọ́ lára pé 2 àti 3 ni máa ń rò pé wọ́n ń rẹ́ àwọn ọmọ jẹ. Ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ ní póìntì 21 ti borí. Bí kò bá sẹ́ni tó dé ibẹ̀, ikọ̀ tó wà níwájú nígbà tí ìṣẹ́jú 10 bá pé ló borí. Bí wọ́n bá wà dọ́gba, wọ́n á tẹ̀ síwájú títí ọ̀kan á fi ní póìntì 2 sí i. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni ikọ̀ ní láti ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n, ti márùn-ún sí márùn-ún jẹ́ 24. Bí bọ́ọ̀lù bá sì wọlé, kò sí fèrè, kò sí ìdúró: ikọ̀ kejì, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe àwọn ló jù ú wọlé, á mú un lábẹ́ agbọ̀n, wọ́n á gbé e jáde sẹ́yìn ìlà, eré ń lọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò fún un tóbi bí nọ́ńbà 6, ó wúwo bí nọ́ńbà 7, tọkùnrin tobìnrin.

Ẹ fi ọkàn sí póìntì yẹn dáadáa. Ní márùn-ún sí márùn-ún, bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn fi ààbọ̀ ju ti ìtòsí lọ, 3 sí 2. Ní 3x3, ìlọ́po méjì ni, 2 sí 1. Ìdí nìyẹn tí àwọn sànmọ̀rí ọkùnrin pàápàá fi ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè níbẹ̀, tí ẹni tó ń ṣọ́ wọn ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Fún ọmọdé, mo rò pé kí kóòṣì má tíì lo apá òfin yìí. Ìlà àgbàlagbà wà ní mítà 6.75 sí agbọ̀n. Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá gbọ́ pé ibẹ̀ lówó wà, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, á tún máa fi ìbàdí ju bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọ̀dọ́ ni 3x3 kọ́kọ́ fi bá ayé pàdé, ní Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Singapore lọ́dún 2010. Ó wọ Òlíḿpíìkì àwọn àgbà nígbà ìdíje Tokyo 2020, tí wọ́n ṣe ní 2021: Latvia gba góòlù àwọn ọkùnrin, Amẹ́ríkà gba ti àwọn obìnrin. Ní Paris lọ́dún 2024, Netherlands àti Jámánì ló gbà á.

Òfin mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn òbí ò fẹ́ràn rárá: nínú 3x3, wọn kì í jẹ́ kí kóòṣì máa darí ikọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn ọmọ ló máa pinnu ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn, àwọn ló máa pinnu ẹni tó máa ṣọ́ ta. Àwọn kóòṣì tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń mú àṣà yìí wọ inú ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Aràdà, tó yà wá wo ọmọ rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra: "Kóòṣì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nà o! Ẹ ò rí i pé wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn ni?" Kóòṣì, tó jẹ́ ọmọ yunifásítì LAUTECH, kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó dá a lóhùn: "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ná." Kò tẹ́ màmá náà lọ́rùn. Kóòṣì tó bá ń pariwo "Jù ú! Gbé e! Padà!" ni ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá ń bá ọmọ ronú ní gbogbo ìgbà, ọmọ náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí kóòṣì, á sì máa bojú wẹ̀yìn wá a nígbà tó yẹ kó wo agbọ̀n.

Fún àwọn ọmọbìnrin, èrè mẹ́ta sí mẹ́ta ṣe tààrà. Kíkó ọmọbìnrin mẹ́wàá jọ ní ọ̀sán Jímọ̀ tàbí àárọ̀ Sátidé lóde ìlú yìí kì í ṣe eré, torí iṣẹ́ ilé, ọjà, ilé kéú àti ẹ̀kọ́ àfikún. Àwọn mẹ́fà máa ń yọjú. Bí márùn-ún sí márùn-ún nìkan bá ni kóòṣì mọ̀, á ní kí àwọn mẹ́fà yẹn padà sílé tàbí kí wọ́n jókòó wo àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ló ń gbé básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà lórí: D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba AfroBasket, ìyẹn ife Áfíríkà, ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, léraléra. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia àti Kánádà, wọ́n sì di ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó máa dé ìpele tó ku ikọ̀ mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì.

Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ sọ pé mo ní kí wọ́n sun márùn-ún sí márùn-ún níná. Ohun tí mẹ́ta sí mẹ́ta ò lè kọ́ ọmọ wà. Kò lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù nídìí agbọ̀n kan kí wọ́n sì ti sáré dé ìdí èkejì kí àwọn ọ̀tá tó padà, torí kò sí agbọ̀n kejì. Kò lè kọ́ ọ bí èèyàn márùn-ún ṣe ń pín pápá mọ́ra wọn lọ́wọ́, tàbí bí wọ́n ṣe ń fara da ìṣẹ́jú 40 tí eré wọn máa ń gbà. Ọmọ tó bá sì máa bá ilé ìwé rẹ̀ lọ sí ìdíje ẹlẹ́ni-márùn-ún gbọ́dọ̀ ti ṣe é dáadáa kó tó wọ mọ́tò. Èrò tèmi ni pé láti kékeré títí dé bí ọdún 8, kí ọmọ má tíì ju mẹ́ta sí mẹ́ta lọ. Láti ọdún 9 sí 11, kí mẹ́rin sí mẹ́rin wọ̀ ọ́. Láti ọdún 12, kí márùn-ún máa gba tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí mẹ́ta sí mẹ́ta má sì kúrò níbẹ̀ láé.

Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn pẹ̀lú. Mẹ́ta sí mẹ́ta ń tán èèyàn lókun ju bí ojú ṣe rí i lọ, torí kò sí ìgbà tí bọ́ọ̀lù jìnnà sí ọmọ tó fi lè mí. Ìṣẹ́jú 4 tàbí 5, kí wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n mu omi, kí ẹlòmíràn wọlé. Ní àsìkò ọyẹ́, kí wọ́n gbá eruku kúrò lórí kọnkéré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kan tó fún un.

Ilé ìwé tí òpó agbọ̀n rẹ̀ kan ti ṣubú láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń dúró de ọjọ́ tí ìjọba tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde máa bá wọn tún un ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, kò ní ohun tó ń dúró dè. Ọ̀kan tó kù yẹn tó. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká ní ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, kí wọ́n pín ọmọ mẹ́sàn-án sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀nà méjì máa gbá a, kí ìkẹta jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Fóònù kóòṣì á máa ka ìṣẹ́jú. Àwọn mẹ́ta tó jókòó ló máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ póìntì sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣì í kọ, àwọn mẹ́fà tó wà lórí pápá ò ní jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀.